Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta ọmọ ogun "olójèé" l'Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọmọ ogun kéékèèké jọ, ère sójà tí à ń tò sílé wò, ẹ gbọ́ o. Bí ẹnì kan bá fi fọ́tò àwọn ajagun obìnrin Dàhòmì ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, tó ní òjé gidi ni, pé wọ́n ga ní mìlímítà 28, pé ìlú òyìnbó ló ti dé, ẹ sá fún un. Gbájú-ẹ̀ ni.

Ogun 1851 ni mo fẹ́ tò sínú àpótí onígíláàsì mi, ìgbà tí Ọba Gezo kó wọn wá ká wa mọ́lé ní oṣù kẹta, tí àwọn baba wa lé wọn padà. ₦140,000 ni mo san, tíránsífà lójú ẹsẹ̀. Ẹ má bú mi. Nínú fọ́tò, ẹyinjú wọn ń dán. Ta ni kò ní sanwó?

Mo lọ gbẹrù ní gáréèjì Kútọ̀. Páálí yẹn fúyẹ́ bíi páálí búrẹ́dì. Ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀, àbí? Mo délé, mo ní kí n tọ́ ìbọn ọ̀kan tó wọ́. Ó kán sí méjì lọ́wọ́ mi! Òjé a máa tẹ̀ ni. Résìn, irú ike líle kan, ni gbogbo ẹ̀, òun ni wọ́n fi da ẹ̀dà ojúlówó: ihò wínníwínní lójú, imú ò hàn, ọ̀dà ń bá àtàǹpàkò mi lọ.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù. Mo tú ìsàlẹ̀ páálí, mo bá àwọn kan tó dé fìlà onírun gàgàrà, irú èyí tí ẹ̀ṣọ́ Napoleon ń dé. Ó kùn wọ́n ní dúdú! Sójà Faransé ló ń tà fọ́mọ Ẹ̀gbá pé ará Dàhòmì ni! Fìlà Napoleon, l'Abẹ́òkúta!

Mo kọ̀wé sí i. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ṣebí ìṣeré ọmọdé ni." Ìṣeré ọmọdé, ₦140,000? Ó bá blọ́ọ̀kù mi. Èmi kì í ṣòpè o, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra nǹkan wọ̀nyí. Ẹnu ẹ̀ ló dùn. Lójú tèmi báyìí, kò sí olódodo kankan nínú gbogbo àwọn tó ń tà á.

Ẹ ní kó gbé e sórí ìwọ̀n nínú fídíò, kó sì kọ orúkọ yín sí bébà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ má san tán kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ó ti pa nọ́ńbà yẹn tì, ṣùgbọ́n mo tún rí fọ́tò kan náà lánàá, owó míì ló wà lórí ẹ̀. Aṣọ àdìrẹ ló tẹ́ sábẹ́ wọn, ọwọ́ òsì ló ti ya díẹ̀.