Kátálíìsì tí òòfà ń kó: ohun tí ojú mi rí lẹ́nu lílò rẹ̀

Kátálíìsì ni èròjà tó ń mú kí ìyípadà kẹ́míkà yá, tí òun fúnra rẹ̀ kì í sì í tán nínú rẹ̀. Nígbà tí mo ń lo páládíọ̀mù orí èédú, ìyẹn kátálíìsì tí wọ́n fi irin páládíọ̀mù sára lúbúlúbú èédú, ìgbà tí iṣẹ́ bá parí ni wàhálà mi máa ń bẹ̀rẹ̀. Á dí bébà àsẹ́, màá sì máa ṣọ́ ọ kó má baà gbẹ, torí bó bá gbẹ lẹ́yìn tó ti gba háídrójìn sára, ó lè gbiná. Ìdí tí mo fi ra ìgò kékeré kan nínú kátálíìsì tí òòfà ń kó yìí nìyẹn.

Mágínẹ́táìtì, ìyẹn Fe₃O₄, irin tó para pọ̀ mọ́ ọ́síjìn tí òòfà ń fà, ló wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, wóró kọ̀ọ̀kan tó bíi nánòmítà 10 (nánòmítà kan jẹ́ ìdá mílíọ̀nù kan mílímítà). Ara wóró yìí ni wọ́n so dendrimer mọ́, irú PAMAM tí Donald Tomalia àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1985: mólékù tó ń pẹ̀ka bí igi, tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tún ń ya méjì. Àárín ẹ̀ka wọ̀nyẹn ni páládíọ̀mù sá pamọ́ sí. Ọgbọ́n yìí wù mí gan-an. Àwọn ẹ̀ka náà kì í jẹ́ kí wóró lẹ̀ mọ́ra, síbẹ̀ àlàfo wà láàárín wọn tí kẹ́míkà lè gbà dé ara páládíọ̀mù.

Mo kọ́kọ́ fi 4-nitrophenol, kẹ́míkà tí omi rẹ̀ ń pọ́n bí ìyeyè, àti sodium borohydride, tó ń fún un ní háídrójìn, dán an wò. Mo fi ìwọ̀nba bíńtín sí i; kò pẹ́ tí àwọ̀ ìyeyè omi náà fi ń ṣá, tó fi mọ́ gaara. Mo gbé òòfà neodymium, irú òòfà tó lágbára gan-an, ti ẹ̀gbẹ́ ìgò. Èròjà dúdú náà rọ́ lọ síbẹ̀, ó lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Mo da omi nù, mo fi ẹtánọ́ọ̀lù fọ̀ ọ́. Bí mo ṣe gbé òòfà kúrò tí mo mi ìgò, ó tún tú ká bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ohun tí ìwé ìlò rẹ̀ kò sọ fún mi rèé: ẹ má ṣe fi ọ̀pá òòfà tí a ń sọ sínú ìgò ro ó. Gbogbo èròjà mi ló lẹ̀ mọ́ ọ̀pá náà bí irun, kò sì sí ohun tó ṣẹ́ kù nínú omi láti ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ń ro ó láti òkè ni kí ẹ lò, tàbí èyí tó ń mi ìgò. Ẹ má sì gbẹ ẹ́. Mo gbẹ díẹ̀ nígbà kan, ó dì, mi ò sì rí i tú ká mọ́. Inú ẹtánọ́ọ̀lù ni mo ń tọ́jú tèmi sí báyìí. Ásíìdì tó le náà á jẹ mágínẹ́táìtì rẹ̀.

Ti ìsopọ̀ Suzuki, ìyẹn iṣẹ́ tí a fi páládíọ̀mù so káábọ́ọ̀nù mólékù méjì pọ̀, ló ń kọ mí lóminú. Mo fi òòfà kó èròjà náà jáde nígbà tí iṣẹ́ dé ìdajì, tí omi ṣì gbóná, síbẹ̀ omi tó kù ń bá iṣẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Páládíọ̀mù ń yọ́ sínú omi nìyẹn, ẹni tó ń ṣe oògùn kò sì ní fẹ́ kí irin náà kù sínú oògùn.

Mo ti lò ó lẹ́ẹ̀méje. Láti ìgbà kẹfà ló ti ń lọ́ra. Màá tún rà á fún iṣẹ́ háídrójìn. Fún Suzuki, ọkàn mi ò tíì balẹ̀ sí i.