Ìfiwéra fún Òbí ní London: Ètò Ọkọ̀ Onígbòkun Wo Ló Yẹ Ọmọ Yín Nígbà Ìsinmi Ooru?

Ìsinmi ìgbà ooru àwọn ilé-ìwé ilẹ̀ England máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, láti ìparí oṣù keje wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Òbí tó bá fẹ́ kí ọmọ òun fi àsìkò náà kọ́ ọkọ̀ onígbòkun títù yóò rí i pé ohun tó yàtọ̀ síra pátápátá ni wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ kan náà. Oríṣi mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wéra níhìn-ín: ẹ̀kọ́ onípele ti RYA (Royal Yachting Association, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọkọ̀ onígbòkun títù ní ilẹ̀ Britain) ní ibùdó omi tó wà láàrin ìlú, ibùdó àdàpọ̀ tó fi ọkọ̀ títù kún kọ̀ǹpútà, eré orí ìtàgé àti iṣẹ́ ọnà, àti ìrìn-àjò orí òkun tí ọmọ ti ń sùn sínú ọkọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ń díwọ̀n wọn: wákàtí mélòó lóòjọ́ ni ọwọ́ ọmọ fúnra rẹ̀ yóò fi wà lórí ìtọ́kọ̀?

Bí a bá fi ìbéèrè yìí yẹ̀ wọ́n wò, ẹ̀kọ́ RYA ló ta yọ fún ọmọ tí kò tí ì wọ ọkọ̀ rí. Ẹgbẹ́ yìí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1875, ló ṣètò ìpele 4 fún àwọn ọmọdé. Ìpele kọ̀ọ̀kan sábà máa ń gba ọjọ́ méjì, nítorí náà ọ̀sẹ̀ kan lè gbé ọmọ dé ìpele kejì, nígbà tí ẹni tó bá parí ìpele kẹta yóò lè gbé ọkọ̀ kékeré sómi, kó sì tù ú lọ tù ú bọ̀ nínú afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́. Olùkọ́ a máa buwọ́ lu ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ náà, gbogbo ibùdó RYA ló sì mọ ìwé yìí, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá kó kúrò ní Peckham lọ sí Manchester, ọmọ kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Docklands Sailing and Watersports Centre wà ní Millwall Dock. Ìdílé tó ń gbé ní apá Peckham àti Old Kent Road sì sún mọ́ ibùdó eré omi tó wà ní Greenland Dock.

Optimist ni ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ ọmọ kékeré fi ń bẹ̀rẹ̀. Clark Mills ló ya àwòrán rẹ̀ ní Florida ní 1947. Imú rẹ̀ pẹlẹbẹ bí ẹni pé wọ́n fi ayùn gé e, gígùn rẹ̀ kò ju mítà 2.36 lọ, ìgbòkun kan ló ní, ọmọ kan ló sì sábà máa ń tù ú. Nígbà tí ọmọ bá fẹ́ yí imú ọkọ̀ gba ojú afẹ́fẹ́ kọjá, yóò ti ọ̀pá ìtọ́kọ̀ sí ìhà ibi tí ìgbòkun wà, yóò tẹrí ba kí igi ìsàlẹ̀ ìgbòkun má baà gbá a lórí, yóò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, yóò sì pààrọ̀ ọwọ́, kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Àfi kí ara ọmọ fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ náà yóò tún ní kí ó mọ̀ọ́mọ̀ dojú ọkọ̀ dé, kó gun orí pátákó gbọọrọ tó ń yọ nísàlẹ̀ rẹ̀, kó sì fi ìwọ̀n ara rẹ̀ gbé e dìde. Nínú irú ọkọ̀ ẹlẹ́nìkan bẹ́ẹ̀, ọmọ tí olùkọ́ kan ń bójú tó kò gbọdọ̀ ju 6 lọ.

Àléébù ẹ̀kọ́ RYA ni pé kì í bá àkókò iṣẹ́ òbí mu. Ẹ̀kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yẹ kí ẹ wọ ọ́fíìsì, ó sì ń parí kí ẹ tó jáde.

Níbẹ̀ ni ibùdó àdàpọ̀ ti borí. Ó máa ń gba ọmọ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, òun náà ló sì sábà máa ń ní ìforúkọsílẹ̀ ìtọ́jú ọmọ tí ìjọba ń béèrè kí òbí tó lè lo Tax-Free Childcare, níbi tí ìjọba ti ń fi £2 kún gbogbo £8 tí ẹ bá san, tí kì í sì sábà ju £2,000 lọ lọ́dún fún ọmọ kan. Ọmọ tó bá ti kọjá ọdún 11 kì í sábà jẹ àǹfààní yìí. Àmọ́ ẹ ka ètò ọ̀sẹ̀ náà dáadáa kí ẹ tó sanwó. Mo ti rí èyí tí àwòrán ìgbòkun gba gbogbo iwájú ìwé ìpolówó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán ọjọ́ kan péré ni wọ́n ń lọ sómi, nínú ọkọ̀ ńlá tí olùkọ́ ń tù tí àwọn ọmọ ń wò. Kò sí ohun tó burú nínú kí èèyàn wá ibi tí ọmọ yóò wà tí inú rẹ̀ yóò dùn. Kí ẹ má ṣáà san owó ẹ̀kọ́ ọkọ̀ fún un.

Bí ọmọ yín bá ń jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé nítorí owó ìrànwọ́ ìjọba, ẹ kọ́kọ́ béèrè ètò HAF (Holiday Activities and Food, ètò eré àti oúnjẹ ìgbà ìsinmi) lọ́wọ́ káńsù. Ọ̀fẹ́ ni, oúnjẹ wà níbẹ̀, àwọn káńsù kan sì ń fi eré omi sí i.

Ìrìn-àjò orí òkun kì í ṣe ti ọmọ kékeré. Tall Ships Youth Trust, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1956, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń gbé àwọn ọ̀dọ́ lọ fún ọjọ́ mélòó kan. Ọmọ yóò máa jí ṣọ́ ọkọ̀ nígbà tó bá kàn án, yóò se oúnjẹ fún gbogbo ẹgbẹ́, yóò sì fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó wọ́n ju méjì ìṣáájú lọ, ṣùgbọ́n ibùsùn àti oúnjẹ wà nínú rẹ̀, owó ìrànwọ́ sì wà fún ìdílé tí agbára wọn kò ká a. Ẹni tó ti pé ọdún 16 lè lò ó fún ọjọ́ 5 òun òru 4 tí àmì-ẹ̀yẹ wúrà Duke of Edinburgh, ètò àmì-ẹ̀yẹ fún àwọn ọ̀dọ́, ń béèrè, bí ó bá jẹ́ àwọn tí kò mọ̀ rí ló bá lọ. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í ṣí nílé ni mo máa ń rò ó fún jù. Fún ẹ̀kọ́ ọkọ̀ títù gan-an, ìtọ́kọ̀ kan náà ni gbogbo wọn yóò máa pín lò.

Ní ti ààbò, lẹ́yìn tí ọ̀dọ́ 4 kú sómi ní Lyme Bay, ní etíkun gúúsù England, ní 1993, òfin ọdún 1995 sọ ọ́ di dandan kí ọ̀pọ̀ ibùdó tó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tí kò tó ọdún 18 gba ìwé àṣẹ. Ẹgbẹ́ aláfinúfíndọ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tirẹ̀ kò nílò rẹ̀, nítorí náà àìsí ìwé náà nìkan kò sọ wọ́n di aláìbìkítà. Kò pọn dandan kí ọmọ mọ odò wẹ̀ bí ẹja, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ bẹ̀rù kí omi bo orí òun. Ẹ sì bá onídìrí sọ̀rọ̀ ṣáájú: akoto kì í jókòó dáadáa lórí ṣùkú, kọ̀lẹ́sẹ̀ ló rọrùn jù.

Kí ẹ tó fi owó sílẹ̀, ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa ń ṣe lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá le jù tàbí tí kò fẹ́ rárá. Ibùdó tó dára yóò sọ fún yín lójú ẹsẹ̀ bóyá wọn yóò fi ọjọ́ mìíràn dípò, tàbí kí wọ́n dá apá kan owó padà; èyí tó bá ń kún hùn-ún hùn-ún, ẹ wá òmíràn lọ.