14 CFM (kúbíìkì fíìtì atẹ́gùn ní ìṣẹ́jú kan) tí wọ́n kọ sára kọ̀mpúrẹ́sọ̀ mi, irọ́ ni o!

Ẹ̀yin pénítà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ tèmi kí owó yín má baà wọgbó. ₦480,000 ni mo kà fún oníṣòwò kan l'Ékòó torí kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún atẹ́gùn sínú táǹkì. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kà á! Èmi tí mo ti ń fọ́n ọ̀dà mọ́tò láti ọdún 17 sẹ́yìn.

Ó gbá táǹkì 200 lítà yẹn gbàǹgbàǹ lójú mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo táǹkì bàǹtà-banta, atẹ́gùn inú ẹ̀ ò lè tán láéláé." Mo wo táǹkì, n ò wo ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀. Sítíkà ní 14 CFM, agbára ẹ̀rọ 3HP. Gọ́ọ̀nù tí mo fi ń fọ́n ọ̀dà ń jẹ 11 CFM. Mo ní ó tó, ó tún ṣẹ́kù.

A gbé Camry oníbàárà wọlé. Bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan la ò tíì fọ́n tán tí gééjì ti já wálẹ̀ sí 40 PSI (PSI ni ìwọ̀n agbára tí atẹ́gùn fi ń tì). Ọ̀dà ń tutọ́! Ara mọ́tò rí ṣákaṣàka bí èèpo ọsàn. Oníbàárà dúró tì mí, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wò mí. A fi pépà fá gbogbo ẹ̀ dànù, mo fi owó ara mi ra ọ̀dà mìíràn. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o, ta ni kì í gba ohun tí wọ́n kọ sára ọjà gbọ́?

Àbúrò mi tó jẹ́ ẹnjiníà ló là mí lójú. Ẹ ti ẹnu táǹkì pa, ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ fi fóònù ka àkókò tí gééjì fi gùn láti 80 dé 110 PSI. 200 lítà jẹ́ nǹkan bíi 7 kúbíìkì fíìtì. Ẹ sọ 7 di ìlọ́po 30 (110 yọ 80), ẹ pín in sí 14.7, ìyẹn PSI atẹ́gùn àyíká wa, kí ẹ wá pín in sí iye ìṣẹ́jú. Tèmi lo ìṣẹ́jú 2: 7 CFM. Ìdajì! Àbúrò mi ní 14 yẹn ni atẹ́gùn tí písítìnì ń fà wọlé, kì í ṣe èyí tó ń jáde sí gọ́ọ̀nù. Mo sì yẹ kí n fura, torí HP kan kì í sábà mú ju 3 sí 4 CFM jáde ní 90 PSI. Níbo ni 3HP ti fẹ́ rí 14? Orí mi ò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Mo pe oníṣòwò yẹn. Ó ní iná àdúgbò wa ni ò lágbára. Jẹnẹrétọ̀ ni mo lò, olè! Ó ti dí nọ́ńbà mi pa. Gbogbo àwọn oníṣòwò yìí, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ẹ ro CFM gbogbo irinṣẹ́ tí ẹ ó lò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin lé e. Ẹ bèèrè CFM tó ń jáde ní 90 PSI. Ẹ má sanwó kí wọ́n tó tan án.

Tèmi wà ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọṣẹ́ ń fi fẹ́ táyà ọ̀kadà.