Ìkìlọ̀: Ẹ ṣọ́ra fún ọta àlòkù tí wọ́n tún rọ, tí wọ́n ń tà fún àwa ọdẹ ní Kàbbà

Ẹ̀yin ọdẹ ẹlẹgbẹ́ mi ní Kàbbà, Ìjùmú àti Yàgbà, òkun o. Ojú ń tì mí láti kọ ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, nítorí pé ọdún 19 ni mo ti ń gbé ìbọn lọ sí oko, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rí mi lù ní jìbìtì lórí ọta. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, ẹlòmíràn ni yóò kàn.

Ní oṣù tí ó kọjá, ọkùnrin kan tí ó ń ta ọta nínú ilé rẹ̀ ní Kàbbà ta páálí kan fún mi, ọta 25, ní ₦62,500. Wọ́n kọ SG, orúkọ irú ọta tí hóró òjé ńláńlá wà nínú rẹ̀, sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé yóò dá ìgalà tàbí ẹlẹ́dẹ̀ igbó dúró ní mítà 100. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Hóró òjé 9 ni ó sábà máa ń wà nínú SG ti ìbọn 12 (ìwọ̀n ihò ọ̀pá ìbọn ni 12 yìí), bí wọ́n bá sì ti kúrò lẹ́nu ìbọn ni wọ́n ń tàn ká tí eré wọn ń dín kù, tí ó fi jẹ́ pé nǹkan bí mítà 35 ni ọdẹ tí kò fẹ́ fi ìyà jẹ ẹran kò gbọdọ̀ kọjá. Mo mọ gbogbo èyí, mo sì san owó náà, nítorí pé ẹlẹ́dẹ̀ igbó ti hú ebè iṣu mi tó ogójì, inú ń bí mi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dùn létí mi.

Ẹran náà jáde ní ìdájí, ó fi ẹ̀gbẹ́ sí mi ní ìṣísẹ̀ 30. Ẹ kà á dáadáa: 30 ni, kì í ṣe 100. Mo yìn ín ní apá, níbi tí baba mi kọ́ mi. Ìbọn náà dún bí ẹni gbá àpótí òfìfo, èéfín sì nípọn bí ti ṣakabùlà. Ẹran náà ta kìjí, ó sì sá lọ. Mo ki òmíràn, mo sì yìn ín nígbà tí ó ti tó ìṣísẹ̀ 80. Ẹ̀bi ìyẹn jẹ́ tèmi, n kò jiyàn. Ti àkọ́kọ́ kì í ṣe ẹ̀bi mi.

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni mo rí lórí ewé ẹ̀gẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, òórùn ni ó mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ létí odò, ó ti wú. Nígbà tí mo la apá rẹ̀, hóró mẹ́rin ni mo bá, gbogbo wọn há sínú ọ̀rá lábẹ́ awọ, kò sí èyí tí ó dé egungun. Ọ̀kan nínú wọn kì í tilẹ̀ ṣe òjé: irin rọ́ọ̀dù tí wọ́n gé ni, ojú ayùn ṣì wà lára rẹ̀. Ọjọ́ mélòó ni ẹran yìí fi jẹ̀rora nítorí ₦62,500 mi?

Mo tú ọta kan wò (ẹ̀yin má ṣe é nílé yín). Àbẹ́là yíyọ́ ni wọ́n fi dí ẹnu rẹ̀; èékánná mi ni mo fi hó o kúrò. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kéré bí ọkà bàbà, wọ́n pò ó mọ́ ìṣó gígé, ẹ̀tù dúdú ti ṣakabùlà ni ó sì wà nísàlẹ̀. Bí ẹ̀tù náà bá ti pọ̀ jù, ọ̀pá ìbọn ìbá bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Nígbà tí mo pe ọkùnrin tí ó ta ọta náà fún mi, ó ní ọwọ́ mi ni ó ń gbọ̀n. Èmi, tí mo yìn ín ní ìṣísẹ̀ 30! Láti ọjọ́ náà, kò gbé ìpè mi mọ́. Òfin ìbọn ọdún 1959 kò gbà kí ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò ìbọn máa ta ọta, n kò sì bi í léèrè ìwé. Ìwà òmùgọ̀ ni mo hù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ júwe rẹ̀ fún mi, tí ẹ ní ẹni yín ni, ṣé ẹ kò mọ̀ ni, àbí ẹ ń jẹ nínú rẹ̀? Ní báyìí, n kò gba olùtà kankan gbọ́ mọ́, ìbáà ṣe ọmọ ìyá mi.

Ẹ béèrè ìwé àṣẹ. Ẹ wo ẹnu ọta, bóyá àbẹ́là wà níbẹ̀, kí ẹ sì wo idẹ ìdí rẹ̀, bóyá ó ti ha. Èyí tí ó bá fu yín lára, ẹ má ṣe yìn ín rárá, kódà láti dán an wò.

Ọta 22 tí ó kù wà nínú agolo kan tí mo ti dè pa kí ọwọ́ àwọn ọmọ má baà tó o. Mo ń gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní ọjọ́ Ajé. Ẹni tí ó bá ti ra lọ́wọ́ ọkùnrin kan náà, kí ó gbé tirẹ̀ wá kí a jọ lọ.