Idà ẹlẹ́ṣin irú ti ọdún 1796: irin rẹ̀ péye, ìtàn rẹ̀ kò péye

Ní ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta ohun ìgbàanì ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ra idà yìí. Irú èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn ní ọdún 1796 fún ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin fífúyẹ́, àwọn tí ń ṣọ́ ọ̀tá tí wọ́n sì ń lépa wọn, ni. Ti ọ̀gá ológun ni, ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ rà á, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi fi wúrà àti àwọ̀ búlúù ṣe ọnà sí i lára.

Ó gùn tó nǹkan bí ínṣì 33 láti èèkù dé ṣóńṣó, ó tẹ̀ bí igi ọrun, ó sì ń fẹ̀ sí i bí ó ṣe ń lọ síwájú, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí mo bá gbé e sókè, ṣe ni ó dà bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ni ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Gígé ni wọ́n rọ ọ́ fún, kì í ṣe gígún. Ó ṣeni láàánú pé ẹnì kan ti fi ìtara dídán pa ọnà rẹ̀ rẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó kù nítòsí èèkù. Àkọ̀ irin rẹ̀ kò ní àbùkù kan.

Ìwé tí oníṣòwò náà fi tì í sọ pé ẹni tí ó ni ín gbé e jagun ní Flanders, ní agbègbè Belgium òde òní, ní ọdún 1794. Àwọn àgbà ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tíì tẹ èèkù idà kì í bèèrè ikú tí ó pa baba rẹ̀. Ọwọ́ tèmi ti tẹ èèkù, mo sì bèèrè. Báwo ni idà tí a yàn ní 1796 ṣe dé ojú ogun 1794? Ogun Flanders yẹn gan-an ni ó bí i. John Gaspard Le Marchant, ọ̀gá ológun tí ìdílé rẹ̀ ti erékùṣù Guernsey wá, wà níbẹ̀, ó sì rí i pé idà àwọn ẹlẹ́ṣin Gẹ̀ẹ́sì kò dára, pé wọn kò sì mọ̀ ọ́n lò, débi pé wọ́n ń ṣá ara wọn àti ẹṣin wọn lọ́gbẹ́. Òun àti Henry Osborn, arọdà ní Birmingham, ni wọ́n jọ gbé ti tuntun yìí kalẹ̀, Le Marchant ni ó sì kọ ìlànà bí a ó ṣe máa lò ó. Ó kú lójú ogun Salamanca, ní Sípéènì, ní ọjọ́ 22 oṣù Keje, 1812, níbi tí ó ti ń ṣíwájú àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀.

Lẹ́tà méjì péré ni wọ́n fín sí ẹnu àkọ̀ tèmi, kò sí orúkọ. Nígbà tí mo kọ̀wé sí oníṣòwò náà, ó dá apá kan owó mi padà, ṣùgbọ́n kò gba ìwé ìtàn rẹ̀ padà.