Bazar àwọn espírita ní São Paulo: aṣọ dáa, ọbẹ̀ gbóná, àmọ́ mẹ́wàá péré ni wọ́n máa tà fún ẹ

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ilẹ̀ Brazil ò tutù, ẹ bi í pé ṣé ó ti dé São Paulo lóṣù keje rí. Súwẹ́tà kan ṣoṣo tí mo rà ní Yábàá lèmi gbé wá, mo ní ṣebí oòrùn ni Brazil, àfi ìgbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀ tó wá di pé aṣọ òkè tí mo gbé dání fún òde ni mo fi ń bora sùn, gèlè ẹ̀ náà mo wé e mọ́ ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ níbí ló ṣàánú mi, wọ́n ní kí n má wulẹ̀ lọ náwó sí sítọ́ọ̀ kankan, kí n lọ sí bazar àwọn espírita lọ́jọ́ Sátidé, ìyẹn ọjà aṣọ àlòkù tí àwọn ẹlẹ́sìn kan tó ń bá ẹ̀mí sọ̀rọ̀ ń pa nílé ìpàdé wọn, aṣọ ibẹ̀ ò wọ́n, ó mọ́, wọ́n á sì tún fún mi lọ́bẹ̀ gbígbóná lé e.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí mo ti ń lọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti ẹni tó kàn yọjú lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ní dárúkọ ilé náà o, torí mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò nípa wọn, irú ilé bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ nígboro yìí, èyí tí ẹ bá wọ̀ níbẹ̀ ẹ ó rí nǹkan tó jọ ọ́.

Kí n tó dé orí ọjà, ẹ jẹ́ kí n yanjú ti màámi ná. Ọjọ́ tí mo sọ fún wọn lórí fóònù pé ilé àwọn tó ń bá ẹ̀mí sọ̀rọ̀ ni mo ti ra kóòtù, igbe tí wọ́n ké, àwọn ará ilé kejì gbọ́ ọ, wọ́n ní kí n bọ́ ọ sílẹ̀ kíá, kí n fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́. Ẹ̀yin náà lè máa rò pé Candomblé ni mò ń sọ. Rárá o. Candomblé, ti àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú wá síbí nìyẹn, ìlù wà níbẹ̀, Ògún wà níbẹ̀, Ọ̀ṣun wà níbẹ̀, èdè wa gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń kọrin. Ti àwọn espírita yìí, ilẹ̀ Faransé ló ti wá, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Hippolyte Léon Denizard Rivail, tó padà sọ ara ẹ̀ di Allan Kardec, ló gbé ìwé àkọ́kọ́ wọn jáde ní Paris lọ́jọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1857. Kò sí ìlù, kò sí ẹbọ, kò sí àlùfáà, wọn kì í gbowó àdúrà. Yàrá funfun kan báyìí, àga oníke, ìwé, àti omi tí wọ́n gbàdúrà sí tí wọ́n á bù fún ẹ mu bíi ti àwọn Aládùúrà wa. Bí mo ṣe dé orí omi àdúrà yẹn ni ara màámi balẹ̀ díẹ̀.

Ó yá, ọjà. Gáréèjì tó wà lẹ́yìn ilé ni bazar náà, aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ń ṣí, aago méjìlá wọ́n ti pa dé, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ nǹkan gidi kẹ́ ẹ ti wà lórí ìlà láti aago méje. Ṣẹ́ẹ̀tì 3 reais (owó Brazil nìyẹn), jíìnsì 8, kóòtù wúlù tí mo kọ́kọ́ rà 15. Kóòtù yẹn, mo ti wò irú ẹ̀ ní Brás níbi tá a ti ń ra ọjà ọ̀pọ̀, owó tí wọ́n pè mí, mo kàn rọra dá a padà sórí háńgà ni. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé aṣọ wọn mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti na Kàtángúà rí ẹ mọ bélì, ẹ mọ òórùn tó máa ń jáde tí wọ́n bá já okùn ẹ̀, kẹ́ ẹ tó rí ẹyọ kan tó dáa ẹ ó ti sín tó ìgbà ogún. Ti ibí ò rí bẹ́ẹ̀, àwọn ìyá àgbà kan máa ń wá láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, bọ́tìnì tó bá já wọ́n á rán òmíì sí i, ẹnikẹ́ni ò sanwó fún wọn. Síìpù jíìnsì kan wà tí mo rí bí wọ́n ṣe pààrọ̀ ẹ̀, téélọ̀ ọjọ́ pípẹ́ ló ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Bàtà wọn ṣá, ẹ sá fún un. Èyí tí mo rà, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ṣí ní métrò ibùdó Sé nínú òjò, mò ń wọ́ ẹsẹ̀ kan nílẹ̀ bí ẹni tó rọ lápá kan títí mo fi délé, ìgbà tí mo dá a padà wọ́n ní àwọn kì í gba ọjà tá a ti rà. Kọ́tìnì ibi tá a ti ń wọ aṣọ wò náà ò pa dé dáadáa. Wọn ò ní ṣéńjì rí, àfi kẹ́ ẹ fi Pix san án, ìyẹn tiránsífà orí fóònù tí báńkì àgbà ìjọba wọn gbé jáde lọ́dún 2020, gbogbo èèyàn níbí ló ń lò ó, títí kan ẹni tó ń ta àgbàdo sísè lójú títì.

Ọbẹ̀ ńkọ́? Ó gbóná, ó pọ̀, ànàmá, kárọ́ọ̀tì, makaróní àti eegun, ata ò sí níbẹ̀ rárá, èmi ti ń gbé ata gígún temi nínú báàgì. Àwo irin ni wọ́n fi ń bù ú, kò sí kọ́ọ̀pù oníke tí wọ́n á lò lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n á sọ nù, tẹ́ ẹ bá jẹun tán ẹ̀yin lẹ máa fọ àwo yín. Ọṣẹ tẹ́ ẹ máa fi fọ̀ ọ́ gan-an, àwọn náà ló sè é, òróró tí àwọn èèyàn ti fi dín nǹkan ni wọ́n ń kó wá nínú ìgò oníke, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi kọ́ọ́sítíìkì sódà rò ó pọ̀, wọ́n á gé e, 2 reais lẹ́yọ kan. Ó le lọ́wọ́, ẹ má fi wẹ̀ o, àmọ́ fún ìkòkò tó jóná, kò sí irú ẹ̀ ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní dídà tá à ń da òróró sínú síǹkì ló ń dí páìpù ìlú, tó tún ń ba odò jẹ́. Ẹni tó bá sì ti rí odò Tietê ní Pirapora do Bom Jesus, bí ìfófó funfun ṣe ń bo orí omi bíi pé wọ́n da ọṣẹ sí i (ọṣẹ àti ìdọ̀tí São Paulo náà ni lóòótọ́), kò ní bá wọn jiyàn. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń tọ́jú òróró àkàrà mi.

Ibi tí ìjà ti wá bẹ̀rẹ̀ nìyí. Oníṣòwò ni mí. Mo ní ibi tí mo ń pàtẹ sí nítòsí Rua 24 de Maio, mo wo jíìnsì 8 reais yìí, mo ṣírò ẹ̀, mo rí i pé mo lè tà á ní 35 kí kọ́sítọ́mà mi tún máa súre fún mi. Sátidé kẹta mo gbé báàgì Ghana-Must-Go lọ, mo ṣa 40. Ìyá tó jókòó sídìí owó wò mí, ó fara balẹ̀, ó ní ọmọ mi, mẹ́wàá ni o. Mo ní owó ńkọ́, owó rèé. Ó ní mẹ́wàá ni. Ló bá fa ìwé Kardec yọ lábẹ́ tábìlì, ìbéèrè àti ìdáhùn ni gbogbo ẹ̀, 1,019 ni wọ́n, wọ́n ní àwọn ẹ̀mí ló dáhùn, ó ka 717 sí mi létí lójú gbogbo èrò: kí la máa sọ nípa àwọn tó ń kó ẹrù ayé jọ torí àṣejù, tí àwọn tí kò ní nǹkan ṣe kò-ṣeé-má-nìí ò fi rí i? Ìdáhùn: wọ́n ti gbàgbé òfin Ọlọ́run, wọ́n á sì jíhìn ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹlòmíì.

Ara mi gbóná. Ṣé èmi ni ọ̀kánjúà? Èmi tí mò ń dìde ní aago mẹ́rin? Mo san ti mẹ́wàá, mo tún ra ìwé náà, 5 reais, mo gbé e délé, Potogí mi ò yá púpọ̀ àmọ́ fóònù ń bá mi túmọ̀ ẹ̀, mo jókòó tì í ní gbogbo ọ̀sẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jókòó ṣe WAEC. Mo rí 881, tó ní èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti kó ohun ìní jọ de ọjọ́ ogbó, kó ṣáà ṣe é bí oyin ṣe ń ṣe é, nínú ẹbí, pẹ̀lú iṣẹ́ òdodo. Mo rí 884: ohun ìní tó tọ́ ni èyí tẹ́nì kan ní láì ṣe ẹlòmíì níbi. Sátidé tó tẹ̀ lé e mo fi bébà sáàárín àwọn ojú ìwé náà, mo lọ kà á fún màmá náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi tí wọ́n fi yọ awò ojú. Wọ́n ní ó dáa, ọmọ mi, o ti kàwé, àmọ́ ìsọ̀rí 884 yẹn gan-an ló mú ẹ: bàbá tó ń sùn sábẹ́ Minhocão, afárá gígùn tó gba àárín ìlú kọjá, tó wá ní aago mọ́kànlá pẹ̀lú 8 reais lọ́wọ́, tó bá jẹ́ pé 40 ti wà nínú báàgì ẹ, kí lo fi ṣe é?

Mi ò rí èsì fọ̀. Àmọ́ mo sọ ti èmi náà, pé kí wọ́n fi iye méjì sí i, iye aláìní àti iye oníṣòwò, kí èyí tó bá ṣẹ́kù lópin oṣù di tiwa, kí owó ẹ̀ sì wọ inú ọbẹ̀, torí mo rí èyí tó ń ṣẹ́kù o, wọ́n ń gé e ṣe ìnulẹ̀ ni, jíìnsì tó ṣì lè wọ̀ fún ọdún mẹ́ta! Wọ́n ní àwọn á gbé e dé ìpàdé. Ó ti pé oṣù mẹ́fà báyìí, ìpàdé ò tíì sọ nǹkan kan. Ibi tí mo ti yọ máàkì kan lára wọn nìyẹn.

Wọ́n tún ní kíláàsì ìwé yìí lálẹ́ ọjọ́rú, ọ̀fẹ́ ni, mo máa ń lọ tí ọjà bá dákú. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìbéèrè 705, kí ló dé tí ilẹ̀ kì í fi mú oúnjẹ tó tó jáde nígbà gbogbo? Wọ́n ní èèyàn ló jẹ́ aláìmoore, ilẹ̀ fúnra ẹ̀ ìyá rere ni, tí ohun tó tó bá tó èèyàn ni, ilẹ̀ á máa mú un wá. Ìgbà tí wọ́n kà á, ṣe ló dà bíi pé bàbá mi àgbà ń sọ̀rọ̀ ní oko Ìlárá. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ ti àtúnwá. Àwa tá a ní Babátúndé àti Yétúndé nílé, ìyẹn ò lè dẹ́rù bà wá, àmọ́ tiwọn yàtọ̀, àwa ní inú ẹbí lèèyàn ń padà sí, àwọn ní kò sí ẹni tó mọ ilé tí wọ́n máa bí òun sí. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń kọ́ wa ní ẹni tó ń sọ ìgò sódò lónìí lè padà wá bí catador, àwọn tó ń fọwọ́ fa ọmọlanke kiri ìgboro yìí, tí wọ́n ń ṣa páálí àti agolo tà. Mo nawọ́, mo ní ṣé ẹ̀ ń sọ pé gbèsè ayé àná ni tálákà ń san ni? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ mi ò bá yín lọ. Ó ṣí 806 fún mi: àìdọ́gba ipò tó wà láàárín ọmọ aráyé, iṣẹ́ èèyàn ni, kì í ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run. Mo gbà á títí dé ibẹ̀. Èyí tó kù, èmi ọmọ ìjọ CAC, mo fi sílẹ̀ fún wọn.

Fọ́tò Chico Xavier, espírita tó lókìkí jù ní Brazil, tó ní àwọn ẹ̀mí ló ń pe ìwé fún òun kọ, wà lára ògiri gáréèjì náà, pẹ̀lú awò dúdú ẹ̀. Ó ju 400 ìwé lọ tó jáde lórúkọ ẹ̀, ó sì fi gbogbo owó tó wá látinú wọn tọrẹ fún iṣẹ́ àánú, iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba ní oko ìjọba ní Pedro Leopoldo ló fi jẹun, ní Uberaba ló kú sí lọ́dún 2002. Ìwé 400, kò kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì! Ẹ ò ní rí irú ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ má purọ́ fún mi.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ẹ lọ ní kùtùkùtù, ẹ mú Pix àti ata yín dání, ẹ má ra bàtà. Òróró àkàrà temi ti kún ìgò méjì, ó di Sátidé.