Ìkìlọ̀: Ẹ Ṣọ́ra fún Àwọn Tó Ń Fi Àwòrán Jíjí Ta Ọ̀ṣọ́ Tábìlì Ọdún

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń wá ọ̀ṣọ́ tí ẹ ó fi mú kí tábìlì oúnjẹ ọdún yín lẹ́wà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí tán kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn oníjìbìtì kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n jí àwòrán tábìlì ẹlẹ́wà, kí wọ́n pè é ní ọjà tiwọn, kí wọ́n sì gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn nígbà tí ọdún ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó ní àyè láti bá wọn fa ọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti gba owó lọ́wọ́ mi, mo sì ti fara balẹ̀ wo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é.

Ohun tí oníṣòwò náà polówó ni odindi àpótí ọ̀ṣọ́ kan: aṣọ tábìlì funfun tó nípọn, tí etí rẹ̀ sì wọ́ sílẹ̀ dáadáa, àwọn àwo ńlá aláwọ̀ wúrà tí a máa ń tẹ́ sábẹ́ àwo oúnjẹ, àbẹ́là oníbátìrì, àti ọ̀wọ́ ewé tútù yọ̀yọ̀ tó gùn láti ìpẹ̀kun tábìlì kan dé èkejì. Ohun tó dé ni aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò bo ẹ̀gbẹ́ tábìlì, àwo oníke tí wúrà ara rẹ̀ ṣí mọ́ aṣọ tútù tí mo fi nù ún, àti ọ̀wọ́ ewé oníke tí kò gùn ju apá ènìyàn lọ. Nígbà tí mo kọ̀wé sí i, ó kọ́kọ́ ní kí n fi owó ara mi dá ẹrù náà padà sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Nígbà tí mo kọ̀, ó ní òun yóò dá díẹ̀ padà nínú owó náà bí mo bá gbà kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò dáhùn mọ́. Kò pẹ́ tí ìkànnì rẹ̀ pòórá, tí àwòrán kan náà sì tún yọjú lábẹ́ orúkọ mìíràn.

Inú àwòrán ni ẹ̀tàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwòrán tábìlì tó wù yín lójú náà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn, ìyẹn oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́ tó fi ọ̀pọ̀ wákàtí to nǹkan lẹ́sẹẹsẹ, àti ayàwòrán tó dúró de ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé dára jù lọ. Ó dùn mí púpọ̀ pé àwọn tó ṣe iṣẹ́ gidi ni àwọn olè yìí ń fi orúkọ wọn jẹun láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Ẹ wo àwòrán náà dáadáa, ẹ ó rí i pé ohun tó mú un lẹ́wà kò sí nínú àpótí tí wọ́n ń tà: òdòdó tútù ni, ife dígí tó mọ́ gaara, ṣíbí onírin tó wúwo, àti ààyè tó wà láàárín nǹkan kan àti èkejì. Ẹ lọ ka ohun tí wọ́n kọ pé ó wà nínú àpótí, kí ẹ fi ìka tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nínú àwòrán náà. Ohun tí ẹ bá rí nínú àwòrán tí kò sí nínú ìwé, ẹ mọ̀ pé wọn kò ní fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àwòrán náà sínú Google Lens tàbí TinEye, tí wọ́n máa ń wá ibi tí àwòrán kan ti hàn tẹ́lẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ìkànnì tí orúkọ wọn yàtọ̀ síra ló ń fi àwòrán kan ṣoṣo ta ọjà, tàbí pé àwòrán náà ti wà lójú ewé oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́ kan láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹ sá fún wọn.

Ohun kejì tí wọ́n fi ń mú ènìyàn ni ìwọ̀n, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbí nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò. Oníjìbìtì kì í fẹ́ kọ sẹ̀ǹtímítà. Yóò kọ pé aṣọ náà “bá tábìlì ènìyàn mẹ́fà mu”, ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ kankan, nítorí tábìlì ènìyàn mẹ́fà ilé kan lè gùn ju ti ilé kejì lọ gan-an. Bí tábìlì yín bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 180, tí ó sì fẹ̀ ní 90, tí ẹ sì fẹ́ kí etí aṣọ wọ́ sílẹ̀ ní 30 ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, aṣọ tí ẹ nílò gbọ́dọ̀ gùn ní 240, kí ó sì fẹ̀ ní 150. Aṣọ tó gùn ní 180, tó sì fẹ̀ ní 120, yóò parí gẹ́lẹ́ sí etí tábìlì náà níhà orí àti ìdí, yóò sì wọ́ sílẹ̀ ní 15 péré ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, síbẹ̀ òun náà ni wọn yóò pè ní ti ènìyàn mẹ́fà. Ẹ wọn tábìlì yín kí ẹ tó wo ọjà rárá, kí ẹ sì béèrè ìwọ̀n lọ́wọ́ olùtajà ní kíkọ sílẹ̀, ti ọ̀wọ́ ewé náà pẹ̀lú. Ẹ béèrè irú òwú tí wọ́n fi hun aṣọ náà bákan náà, nítorí “ó dà bí ọ̀gbọ̀” kì í ṣe ọ̀gbọ̀. Pólísítà ni ó sábà máa ń jẹ́, àwọn aṣọ pólísítà tó dára sì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó fẹ́lẹ́ tí wọ́n ká mọ́ra nínú ọ̀rá fún ìgbà pípẹ́ máa ń ní ìlà tí kì í lọ bọ̀rọ̀, bí ẹ bá sì fi áyọ́ọ̀nù tó gbóná tó ti aṣọ òwú lọ̀ ọ́, ó lè máa dán tàbí kí ó yọ́.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ju owó lọ ni ewu tó wà nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí. Àwo aláwọ̀ wúrà tí ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí kì í ṣe ohun tí oúnjẹ gbọ́dọ̀ kàn, nítorí òjé àti kádímíọ́ọ̀mù, irin olóró méjì, lè wà nínú irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ Yúróòpù fi ṣe òfin ní 1984 tó sọ ìwọ̀nba òjé àti kádímíọ́ọ̀mù tó lè jáde lára àwo amọ̀ tí a fi ń jẹun. Olùtajà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò kọ ọ́ gàdàgbà pé ọ̀ṣọ́ lásán ni àwo kan. Oníjìbìtì yóò fi oúnjẹ sínú rẹ̀ nínú àwòrán. Ní ti àbẹ́là gidi, Amẹ́ríkà ti fi òfin de òwú àbẹ́là tó ní okùn òjé nínú láti 2003, ṣùgbọ́n ọjà tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò ṣì lè ní in. Bí ẹ bá rí okùn irin láàárín òwú àbẹ́là tí a kò tíì tàn, ẹ fi orí rẹ̀ fa ìlà sórí bébà funfun. Bí ó bá fa ìlà dúdú-eérú bíi ti pẹ́ńsù, òjé lè wà níbẹ̀, ẹ má tàn án.

Àbẹ́là oníbátìrì àti àwọn iná wẹ́wẹ́ tí a máa ń wé mọ́ ewé ni kí ẹ tún wò jù lọ bí ọmọdé bá máa wà nídìí tábìlì náà. Bátìrì pẹlẹbẹ roboto tó wà nínú púpọ̀ wọn lè jó ọ̀nà ọ̀fun ọmọ tó bá gbé e mì láàárín wákàtí méjì péré. Nítorí èyí ni Amẹ́ríkà ṣe ṣòfin ní 2022 pé ilé bátìrì bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ọmọ kékeré lè ṣí. Àbẹ́là oníbátìrì tí mo gbà láti ọwọ́ oníṣòwò yìí kò ní ìdè kankan. Ìdérí ilé bátìrì rẹ̀ ń jábọ́ fúnra rẹ̀. Bí ọmọ bá ti gbé bátìrì mì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má ṣe dúró wò ó bóyá ara rẹ̀ yóò balẹ̀.

Àwọn àmì yòókù kò pọ̀ láti sọ. Aago tó ń ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn lójú ìkànnì, tó ní ẹ̀dínwó ti fẹ́ parí, yóò tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ bí ẹ bá padà lọ síbẹ̀ lọ́la. Àmì àgádágodo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì ìkànnì kò fi hàn pé olóòótọ́ ni ẹni tó ni ín. Ohun tó ń sọ ni pé ẹlòmíràn kò lè ká ohun tí ẹ ń tẹ̀ síbẹ̀ mọ́ ojú ọ̀nà. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ tààrà sí àkáǹtì báńkì ẹnì kan, tàbí kí ẹ ra káàdì ẹ̀bùn kí ẹ sì ka nọ́ńbà rẹ̀ fún òun, ẹ má dá a lóhùn, nítorí irú owó bẹ́ẹ̀ kì í padà. Káàdì ni kí ẹ fi sanwó, nítorí báńkì tó ni káàdì lè bá yín gba owó padà bí ẹ bá ní ẹ̀rí. Ó sì tún ku ọgbọ́n kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: oníjìbìtì máa ń fún ènìyàn ní nọ́ńbà tí a fi ń tọpa ẹrù, tí yóò sì fi hàn pé ẹrù ti dé ìlú yín, ṣùgbọ́n ojúlé ẹlòmíràn ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí, kí ó lè sọ fún báńkì pé òun ti jíṣẹ́. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ ní kí ilé-iṣẹ́ tó gbé ẹrù náà kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín pé kì í ṣe àdírẹ́sì yín ni wọ́n gbé e lọ.

Kò sì sí ìdí pàtàkì kan tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ra odindi àpótí. Mo sọ èyí tọkàntọkàn, nítorí tábìlì ọdún tó dára jù lọ tí mo ti rí kò wá láti inú àpótí ẹnikẹ́ni. Aṣọ kan tí àwọ̀ rẹ̀ balẹ̀, ẹ̀ka igi eléwé tí a gé láàárọ̀ ọjọ́ náà tí a tò sí àárín tábìlì, ìgò dígí tí oúnjẹ ti tán nínú rẹ̀ tí a bu omi sí, tí àbẹ́là kékeré sì léfòó lórí omi náà, ti tó láti yí tábìlì padà. Ẹ lè tẹ́ bébà aláwọ̀ ilẹ̀ sí àárín tábìlì láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kí ẹ kọ orúkọ oníkálùkù síwájú ibi tí yóò jókòó sí, kí ẹ sì fi kálámù sílẹ̀ kí àwọn àlejò lè kọ ọ̀rọ̀ ìkíni síra wọn níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ohun tó wà láàárín ga ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, kí àwọn tó dojú kọ ara wọn lè máa rí ojú ara wọn. Ẹ má fi ewé tàbí òdòdó oleander sí ìtòsí oúnjẹ, bó ti wù kí ó lẹ́wà tó, nítorí gbogbo ara rẹ̀ ló ní májèlé. Bí ẹ bá sì fẹ́ rà, ẹ ra ẹyọ kan lẹ́yìn òmíràn, lọ́wọ́ ẹni tó lè ya ọjà náà ní ojú mọ̀nmọ́ kí ó sì fi ránṣẹ́ sí yín lọ́jọ́ náà gan-an. Oníṣẹ́ ọwọ́ tòótọ́ kì í bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sanwó ná, ẹ má retí ìgbà tí ọdún yóò kọjá. Ẹ ya àwòrán ìkànnì náà báyìí kí ó tó pòórá, ẹ fi ọ̀rọ̀ tí ẹ bá olùtajà sọ pamọ́, ẹ fi téèpù wọn ohun tó dé kí ẹ sì ya á pẹ̀lú téèpù náà lára rẹ̀, kí ẹ tó pe báńkì yín lónìí láti fẹjọ́ olùtajà náà sùn, nítorí gbèdéke wà fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá wà ní orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU), tí olùtajà náà sì ń ta ọjà fún àwọn ará ibẹ̀, òfin fún yín ní ọjọ́ 14 láti ìgbà tí ẹrù bá ti dé ọwọ́ yín láti yí ìpinnu yín padà. Bí ó bá ní òun yóò dá ìdajì owó padà bí ẹ bá lè fagi lé ẹjọ́ tó wà ní báńkì, ẹ kọ̀ fún un, nítorí ẹjọ́ tí ẹ bá ti fagi lé ṣòro láti tún gbé dìde.